Ọ̀pá Kan, Òjìji Méjì: Bí Kíláàsì Tó Jìnnà Síra Ṣe Lè Ṣiṣẹ́ Pọ̀ Lórí Íntánẹ́ẹ̀tì

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ 38 tí ọjọ́ orí wọn wà láàárín ọdún 10 sí 12 ni mo sì ń kọ́. Kọ̀ǹpútà alágbèéká kan àti fóònù mi nìkan ni a ní. Láìpẹ́ yìí, a bá kíláàsì kan ní orílẹ̀-èdè mìíràn sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Àwọn ọmọ juwọ́ síra wọn, wọ́n kí ara wọn, ohùn ń já, ogún ìṣẹ́jú kò sì tíì pé tí ọ̀rọ̀ fi tán lẹ́nu gbogbo wa. Irinṣẹ́ wo ni kí n lò kí ìbáṣepọ̀ náà má bàa kú síbẹ̀?

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Irinṣẹ́ kọ́ ló já yín kulẹ̀. Ibi tó yẹ kí ẹ parí sí ni ẹ ti bẹ̀rẹ̀. Ìpè fídíò dà bí àbẹ̀wò: bí a bá wọ ilé ẹni tí a kò mọ̀ rí, tí kò sí ọ̀rọ̀ kankan nílẹ̀ láàárín wa, ìkíni nìkan ni a ó kí, a ó sì dìde. Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ wá iṣẹ́ tí kíláàsì yín kò lè dá ṣe láìsí tiwọn. Ọ̀pọ̀ iṣẹ́ tí a ń pè ní àjùmọ̀ṣe ni kò rí bẹ́ẹ̀, nítorí bí ẹ bá kọ àròkọ nípa ara yín, tí àwọn náà kọ tiwọn, ẹ kàn pààrọ̀ ìwé ni.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni iṣẹ́ òjìji. Ní nǹkan bí ọdún 240 ṣáájú ìbí Kristi, ọ̀mọ̀wé kan tí ń jẹ́ Eratosthenes, tó ń gbé ní Alexandria ní ilẹ̀ Íjíbítì, mọ̀ pé ọjọ́ kan wà nínú ọdún tí oòrùn ọ̀sán máa ń wà lókè orí gan-an ní ìlú Syene, ní gúúsù Íjíbítì. Ní Alexandria lọ́jọ́ kan náà, òjìji fi hàn pé oòrùn fi nǹkan bí dìgírì 7.2 yà kúrò lókè orí, ìyẹn ìdá kan nínú àádọ́ta òbìrí. Ó wá sọ ọ̀nà tó wà láàárín ìlú méjèèjì di ìlọ́po àádọ́ta, ó sì fi bẹ́ẹ̀ ṣírò bí àyíká ayé ti gùn tó.

Àwọn ọmọ yín lè ṣe é. Kí kíláàsì kọ̀ọ̀kan ri ọ̀pá mítà kan mọ́lẹ̀ lóòró ní ọjọ́ kan náà, kí wọ́n máa sàmì sí orí òjìji rẹ̀ ní ìṣẹ́jú márùn-ún márùn-ún nígbà tí ọ̀sán bá ń kanrí, kí wọ́n sì mú òjìji tó kúrú jù. Kí wọ́n ya ọ̀pá àti òjìji náà ní kékeré sínú ìwé, kí wọ́n wá wọn igun tó wà ní ṣóńṣó orí ọ̀pá. Ká ní igun tiyín jẹ́ dìgírì 10, tí tiwọn jẹ́ 50, tí òjìji méjèèjì sì kọjú sí apá kan náà, 40 ni ìyàtọ̀. Bí a bá fi 40 pín 360, yóò jẹ́ 9. Bí ọ̀nà láti àríwá sí gúúsù láàárín yín bá jẹ́ kìlómítà 4,450, ìlọ́po rẹ̀ lọ́nà 9 jẹ́ 40,050, bẹ́ẹ̀ àyíká ayé tòótọ́ kò ju nǹkan bí 40,000 lọ. Bí òjìji kan bá kọjú sí àríwá tí èkejì kọjú sí gúúsù, ẹ ó ro igun méjèèjì pọ̀ ni, ẹ kò ní yọ ọ̀kan nínú èkejì. Kò sí kíláàsì tó lè fi igun tirẹ̀ nìkan rí ìdáhùn yìí.

Ẹ ṣàkíyèsí pé ọ̀sán ilé wọn ni wọ́n ń wọ̀n, ọ̀sán ilé yín ni ẹ̀yin náà ń wọ̀n. Kò sí ìdí tí ẹ fi gbọ́dọ̀ jọ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kọ̀ǹpútà kan sì tó. Ẹ fi fóònù yín ya àwòrán ọ̀pá náà, ẹ kọ ìwọ̀n sínú Google Sheets, ìyẹn tábìlì orí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ̀yin olùkọ́ méjèèjì jọ lè ṣí, ẹ kó àwòrán sórí Padlet, ìyẹn pátákó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tàbí kí ẹ fi ímeèlì ránṣẹ́. Wákàtí kan lórí ìpè fídíò ọlọ́pọ̀ èrò lè gba tó GB kan dátà. Àwòrán mẹ́wàá kò ní súnmọ́ ọn rárá. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sọ́wọ́, nítorí irinṣẹ́ a máa kú. Skype, irinṣẹ́ ìpè fídíò tí ọ̀pọ̀ olùkọ́ gbójú lé, ti kógbá wọlé ní oṣù karùn-ún ọdún 2025, èmi náà sì ti pàdánù iṣẹ́ odindi ọdún kan rí lórí ìkànnì kan tó pa dé.

Ní ti ààbò, mi ò ní fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ: ẹ má ṣí àkáǹtì kankan lórúkọ àwọn ọmọ. Òfin Amẹ́ríkà béèrè àṣẹ òbí kí ìkànnì tó gba ìsọfúnni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 13. Ní Yúróòpù, orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ló yan iye ọdún tirẹ̀ láàárín 13 sí 16. Àkáǹtì tiyín tó, ẹ má sì jẹ́ kí ojú ọmọ àti orúkọ rẹ̀ pàdé nínú àwòrán kan.

Bí kíláàsì ti tẹ́lẹ̀ kò bá fẹ́ mọ́, àjọ kan tí ń jẹ́ iEARN ti ń so ilé ẹ̀kọ́ pọ̀ kárí ayé láti ọdún 1988, ìpínlẹ̀ New York àti ìlú Moscow ni wọ́n sì ti bẹ̀rẹ̀. eTwinning, ètò irú rẹ̀ tí Àjọ Ìṣọ̀kan Yúróòpù dá sílẹ̀ lọ́dún 2005, wà fún àwọn tó wà lágbègbè náà.

Ìgbà tí iṣẹ́ bá parí ni kí ẹ wá pe fídíò. Ẹ kọ aago tí ẹ ó lò ní UTC, ìyẹn aago àjùmọ̀lò àgbáyé tí kì í yí padà, nítorí àwọn orílẹ̀-èdè kan máa ń yí aago wọn padà: London fi wákàtí márùn-ún ṣáájú New York, ṣùgbọ́n fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan nínú oṣù kẹta, wákàtí mẹ́rin ni. Ọmọ 38 kò lè sọ̀rọ̀ tán, nítorí náà ẹ yan mẹ́ta, kí àwọn yòókù sì ti fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní ọjọ́ méjì ṣáájú. Bí ohùn bá tún ń já, ẹ pa àwòrán, ẹ fi ohùn nìkan sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ kò ní wọ́n yín lẹ́nu lọ́tẹ̀ yìí, pàápàá bí ọmọ kan bá ti rí i nínú àwòrán pé ọ̀pá àwọn ẹnìkejì tẹ̀ díẹ̀, tó sì fẹ́ mọ̀ bóyá ibẹ̀ ni àṣìṣe bíi kìlómítà 2,000 ti wọ inú ìṣirò yín.