Ṣé ọmọ àlè ni “Fitz” túmọ̀ sí?

Ìbéèrè tó wà nílẹ̀ rèé: ẹnì kan gbọ́ pé gbogbo orúkọ òyìnbó tó bá ní “Fitz” níwájú, bíi Fitzgerald, FitzRoy àti Fitzalan, ọmọ àlè ọba tàbí ọmọ àlè ìjòyè ni wọ́n fi ń pè. Ó wá ń béèrè pé, ṣé ọmọ àlè ni wọ́n ti ṣẹ̀ ní ìdílé John Fitzgerald Kennedy ni?

Rárá o. “Ọmọ” ni Fitz túmọ̀ sí, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Inú èdè Faransé tí àwọn ará Normandy, ní àríwá ilẹ̀ Faransé, gbé wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní 1066 ló ti wá. “Fiz” ni wọ́n ń kọ ọ́ nígbà náà, wọ́n sì ń pe z yẹn bíi “ts”. “Filius” ti èdè Látìn ló bí i, òun náà ló di “fils” lẹ́nu àwọn Faransé òde òní. Bí a bá rí “Maurice fitz Gerald”, bí ìgbà téèyàn sọ pé “Àjàyí ọmọ Ògúndélé” ni. Àwọn ará Wales ní “ap” tiwọn (ap Hywel ló di Powell, ap Rhys ló di Price), àwọn ará Ireland àti Scotland sì ní “Mac”. Ní ti Kennedy, Rose Fitzgerald ni orúkọ ìyá rẹ̀ kó tó lọ sílé ọkọ, ibẹ̀ ni orúkọ àárín yẹn ti wá.

Ohun tó ń da àwọn tó ń tọpa ìran rú kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àlè. Ohun tí wọn kì í rántí ni pé Fitz kì í ṣe orúkọ ìdílé níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ baba tó bíni gan-an ló máa ń tẹ̀ lé e, nítorí náà, bó bá ti kan ọmọ, orúkọ ti yí nìyẹn. Ẹ wo àwọn Fitzgerald ti Ireland. Gerald ti Windsor, tó ń ṣọ́ ilé olódi Pembroke ní Wales, fẹ́ Nest, ọmọbìnrin Rhys ap Tewdwr tó jọba ní gúúsù Wales. Wọ́n bí Maurice, ìyẹn di Maurice fitz Gerald. Òun ló wọkọ̀ lọ sí Ireland ní 1169, ó kú ní 1176. Maurice bí Gerald, ìyẹn ń jẹ́ Gerald fitz Maurice. Gerald yìí náà wá bímọ, ó sọ ọ́ ní Maurice, la bá tún ní Maurice fitz Gerald mìíràn, tó kú ní 1257. Baba àgbà àti ọmọ-ọmọ ń jẹ́ orúkọ kan náà, ọdún 81 sì wà láàárín ikú wọn. Ẹni tí kò bá wo ọdún yóò sọ àwọn méjèèjì di ẹnì kan ṣoṣo, ìran méjì á sì pòórá lójú ìwé rẹ̀. Kódà nígbà tí wọ́n fi ìdílé yìí jẹ Earl ti Kildare ní 1316, John fitz Thomas ni ẹni tó gba oyè náà ń jẹ́. Thomas ló bí i, kí ló kan Gerald níbẹ̀?

Ìdàkejì rẹ̀ tún wà: ọmọ baba kan náà lè di ìdílé méjì tí orúkọ wọn kò jọra rárá. Ọmọ ilẹ̀ Brittany ni Alan fitz Flaad. William fitz Alan, ọmọ rẹ̀, dúró sí Shropshire lẹ́bàá ààlà Wales. Ọmọ Alan mìíràn, Walter fitz Alan, bá David Kìíní, ọba Scotland, lọ sí ilẹ̀ rẹ̀, ìyẹn sì fi ṣe ìríjú ààfin. Àwọn ọmọ William di orúkọ Alan mú, àwọn ni Fitzalan tó jẹ Earl ti Arundel. Ọ̀dọ̀ Walter, iṣẹ́ ìríjú yẹn, tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní “steward”, ni wọ́n sọ di orúkọ, ìyẹn Stewart. Nígbà tó di 1371, ọ̀kan nínú wọn gorí ìtẹ́ Scotland, Robert Kejì, torí pé ọmọ Robert Bruce, tó ti jọba níbẹ̀ rí, ni ìyá rẹ̀. Ẹni tó bá ń fi orúkọ nìkan wá ẹbí kò ní mọ̀ láé pé iyèkan ni àwọn méjèèjì.

Àlè tí wọ́n ń wí ńkọ́? Kì í kúkú ṣe pé irọ́ pátápátá ni. Ìgbà ni wọ́n ṣì mú. Henry Kẹjọ, ọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bí ọmọkùnrin kan fún Elizabeth Blount, tí kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, ní 1519, ó sọ ọ́ ní Henry FitzRoy, ìyẹn “ọmọ ọba”. Charles Kejì lo FitzRoy bákan náà. Inú ìran yẹn ni Robert FitzRoy, ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi tó gbé Darwin káyé, ti jáde. James Kejì ní FitzJames tirẹ̀. William Kẹrin, tó jẹ́ Duke ti Clarence kó tó jọba, bí ọmọ mẹ́wàá fún Dorothea Jordan, FitzClarence ni gbogbo wọn. Àṣà ààfin ìgbà yẹn lèyí, kò kan Gerald àti Maurice. Ẹ̀rí tó dájú jù lójú tèmi ni ti àwọn ọmọ tí John of Gaunt, ọmọ ọba Edward Kẹta, bí fún Katherine Swynford kó tó fẹ́ ẹ: Beaufort ni wọ́n ń jẹ́, kò sí Fitz kankan níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ àlè sì le nígbà náà, torí ọmọ àlè kò lè jogún ilẹ̀. Ní 1236, ní Merton, àwọn ìjòyè kọ̀ jálẹ̀ pé ìgbéyàwó tó wáyé lẹ́yìn ìbímọ kò lè sọ ọmọ di àrólé. Ìdí nìyẹn tó fi di ọ̀ràn ilé aṣòfin ní 1397 kí àwọn Beaufort tó di ọmọ tòótọ́ lójú òfin.

Bí ẹ bá fẹ́ yẹ ìwé wò fúnra yín, ẹ má retí Fitz nínú ìwé ilẹ̀ àtijọ́. Látìn ni wọ́n fi kọ ọ́: “Mauricius fil' Geraldi”, àmì kékeré tó wà lẹ́yìn l yẹn ló dúró fún ìyókù “filius”. Àwọn akọ̀tàn ló ń fi fitz túmọ̀ rẹ̀, f kékeré ni ọ̀pọ̀ wọn sì ń lò bó bá jẹ́ orúkọ baba gan-an, F ńlá bó bá ti di orúkọ ìdílé. Ìwé tó wúlò jù ni ti ìwádìí lẹ́yìn ikú, tó bẹ̀rẹ̀ ní nǹkan bí 1236. Bí ẹni tó gba ilẹ̀ lọ́wọ́ ọba bá kú, wọ́n á kó àwọn ará àdúgbò jọ, wọ́n á búra, wọ́n á sọ ọjọ́ tó kú, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀, àrólé rẹ̀ àti ọjọ́ orí ìyẹn. Àmọ́ ẹ ṣọ́ra: “ọmọ ọdún 21 àti jù bẹ́ẹ̀ lọ” kò sọ ju pé ó ti dàgbà, ó lè ti lé ní 40. Ìwé ìrìbọmi ṣọ́ọ̀ṣì nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kò bẹ̀rẹ̀ títí di 1538, nítorí náà ẹ má wá ọjọ́ ìbí níbẹ̀ fún ẹni tó ṣáájú ìgbà yẹn.

Fitzpatrick yàtọ̀ pátápátá. Mac Giolla Phádraig ni, ìyẹn ọmọ ìránṣẹ́ Patrick, ọmọ Ireland látilẹ̀. Ìgbà tí olórí wọn túúbá fún Henry Kẹjọ ni wọ́n fi Fitz rọ́pò Mac. Ẹni tó bá ń wá baba ńlá wọn ní Normandy ń fi àkókò ṣòfò. Ossory ní Ireland ni kó gbà lọ.