Èsì: Áàpù mi ò sọ ìgbà tí òṣùpá máa yọ ní Longyearbyen, ìlú Norway tí mo fẹ́ lọ ní Dìsẹ́ńbà, ìlà ló ń fi hàn mí láwọn ọjọ́ kan, ṣé ó ti bàjẹ́ ni?

Ẹ kú ìbéèrè o. Áàpù yín ò bàjẹ́ rárá. Àwọn ọjọ́ tẹ́ ẹ rí ìlà dípò àkókò yẹn, òṣùpá ò yọ, kò sì wọ̀ ni. Longyearbyen wà ní dígírì 78 lápá àríwá, tí òṣùpá bá ti sún sí àríwá ìlà agbedeméjì ojú ọ̀run ju bíi dígírì 12 lọ, kò ní wọ̀ mọ́, á kàn máa yí ojú ọ̀run po fún bí ọjọ́ 7 sí 10, tó bá tún wá sún sí gúúsù tó bẹ́ẹ̀, ẹ ò ní rí i rárá.

Bẹ́ ẹ ṣe máa mọ èyí tó jẹ́ nìyí:

1. Ẹ wo àkókò tó kẹ́yìn kí ìlà yẹn tó bẹ̀rẹ̀.
2. Tó bá jẹ́ "yọ", òṣùpá ṣì wà lókè. Tó bá jẹ́ "wọ̀", ó ti lọ nìyẹn.

Ní Dìsẹ́ńbà tẹ́ ẹ fẹ́ lọ yẹn, oòrùn ò ní yọ, òdìkejì oòrùn sì ni òṣùpá àrànmọ́jú máa ń wà, ìdí nìyẹn tó fi máa wà lókè tọ̀sán-tòru, ìmọ́lẹ̀ ẹ̀ lórí yìnyín yẹn, áà, ó rẹwà gan-an ni! Ní Júùnù, òṣùpá àrànmọ́jú ò ní yọ níbẹ̀ rárá.

Tó bá jẹ́ Tromsø, ìlú Norway míì tó wà nísàlẹ̀ Longyearbyen lápá gúúsù, lẹ máa dúró sí, ọ̀rọ̀ yàtọ̀ díẹ̀: ó máa ń rí bẹ́ẹ̀ láwọn ọdún bíi 2025 tí òṣùpá ń rìn jìnnà sí àríwá àti gúúsù, àmọ́ tó bá máa fi di nǹkan bí 2034, ojoojúmọ́ lá máa yọ táá máa wọ̀.