Ṣé lóòótọ́ ni pé ẹni tó ń fi lẹ́tà ńlá kọ̀wé lórí WhatsApp ń pariwo?

Ẹ ní wọ́n bá yín wí nínú gúrúùpù àwọn Yorùbá àdúgbò yín ní Kubwa torí pé lẹ́tà ńlá lẹ fi kọ ìkéde ìpàdé. Òótọ́ ni wọ́n sọ, bẹ́ẹ̀ ló rí létí ọ̀pọ̀ èèyàn. Àṣà náà ti wà ṣáájú WhatsApp: RFC 1855, ìlànà ìwà lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó jáde lọ́dún 1995, ti sọ pé ó dà bí ẹni ń pariwo. Tó bá jẹ́ ọjọ́ ìpàdé lẹ fẹ́ tẹnu mọ́, ẹ kọ ọ́ báyìí: *Sátidé*. Àmì ìràwọ̀ méjèèjì yẹn á mú kó dúdú kedere. Èyí tẹ́ ẹ ti fi ránṣẹ́, ẹ lè tún un ṣe láàárín ìṣẹ́jú 15.

Àmọ́ ohun tó dùn mí jù ni pé ojú gbogbo ayé ni wọ́n ti bá yín wí. Àwọn àgbàlagbà kan wà tí ojú ń yọ lẹ́nu, tí lẹ́tà ńlá sì rọ̀ lọ́rùn. Ṣe ló yẹ kí wọ́n kọ̀wé sí yín lábẹ́lẹ̀: "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa fi lẹ́tà kékeré kọ ọ́."