Ṣé iyọ̀ òkun lè jẹ páànù ilé mi ní Ìbàdàn?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Apẹ́tẹ́ ni mo ń kọ́lé sí, ó sì ti kan òrùlé báyìí. Àbúrò mi tó ń gbé nítòsí òkun ní Ajah ní kí n má ra páànù onísíńkì rárá, pé tòun ti dógùn-ún kó tó pé ọdún mẹ́rin, iyọ̀ inú afẹ́fẹ́ ló sì jẹ ẹ́. Ṣé iyọ̀ ń bẹ nínú afẹ́fẹ́ lóòótọ́? Ṣé ó ń dé Ìbàdàn? Omi òjò tí à ń gbè ńkọ́?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ilé á tura. Àbúrò yín kò parọ́. Ṣùgbọ́n ohun tó ń ṣe páànù Ajah kò lè ṣe ti Apẹ́tẹ́.

Ẹ wo ìgbì òkun nígbà tó bá fọ́, bó ṣe máa ń hó funfun bí omi ọṣẹ. Afẹ́fẹ́ ló há sínú ìfófòó yẹn. Tó bá ti bẹ́, á ta omi wínníwínní sókè, atẹ́gùn á gbé e lọ, omi á gbẹ, iyọ̀ á kù. Nínú kílò kan omi òkun, iyọ̀ tó nǹkan bíi gíráàmù 35. Kilóráìdì kó ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀, sódíọ̀mù kó bíi 31, sọ́fẹ́ètì, magnẹ́síọ̀mù, kásíọ̀mù àti pọtásíọ̀mù ló pín ìyókù. Ẹ má fojú kéré magnẹ́síọ̀mù yẹn. Iyọ̀ ọbẹ̀ á dúró kí ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ tó ìdá 75 nínú ọgọ́rùn-ún kó tó fa omi mọ́ra dé ibi pé yóò yọ́. Iyọ̀ magnẹ́síọ̀mù kì í dúró ju nǹkan bí ìdá 33 lọ. Ìdí nìyẹn tí òrùlé etíkun kì í fi í gbẹ tán, bí oòrùn tilẹ̀ ń ràn. Omi iyọ̀ tín-ín-rín ń bẹ lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru, á jẹ síńkì tán, á wá kan irin.

Àmọ́ àwọn hóró tó tóbi ló ru èyí tó pọ̀ jù nínú ìwúwo iyọ̀ yìí, ohun tó bá sì wúwo, atẹ́gùn kì í lè gbé e jìnnà. Púpọ̀ nínú wọn ti balẹ̀ kí atẹ́gùn tó kúrò lágbègbè etíkun. Ìbàdàn sì jìnnà sí òkun ju kìlómítà 100 lọ.

Mo ti fi ojú ara mi rí i. Mo gbé àwo gíláàsì kan síta lálẹ́ méjì létíkun Èkó, mo gbé ìkejì sórí òrùlé ibi iṣẹ́ mi níhìn-ín. Mo fi omi mímọ́ ṣan wọ́n, mo sì kán kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ silver nitrate sí omi náà, nítorí tó bá pàdé kilóráìdì, á funfun. Ti Èkó dì bí omi ògì lójú ẹsẹ̀. Ti Ìbàdàn, àfi kí n gbé e síwájú aṣọ dúdú kí n tó rí i pé ó ṣú fẹ́ẹ́rẹ́.

Kí wá ni atẹ́gùn òkun ń gbé dé ọ̀dọ̀ wa nígbà òjò? Àwọn hóró tó kéré gan-an ni, iyọ̀ kọ́ ló sì pọ̀ jù nínú wọn. Àwọn ewéko tíntìntín inú òkun máa ń tú gáàsì kan tó ní imí-ọjọ́ nínú sílẹ̀. Òun wà lára òórùn tí à ń pè ní òórùn òkun. Tó bá dé inú afẹ́fẹ́, á di sọ́fẹ́ètì, ìkuukùu a sì máa rí ibi dì mọ́. Èéfín ọkọ̀ ojú omi náà ń fi imí-ọjọ́ kún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé láti January 2020 ni òfin àgbáyé ti dín èyí tó gbọ́dọ̀ wà nínú epo wọn kù, láti ìdá 3.5 sí 0.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Èyí tó ń ká mi lára jù ni èéfín igbó. Ní June àti July 2016, àwọn onímọ̀ láti Yúróòpù àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà fi ọkọ̀ òfúrufú wọn afẹ́fẹ́ agbègbè wa, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ kalẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Wọ́n rí i pé èéfín igbó tí wọ́n ń sun ní àárín gbùngbùn àti gúúsù Áfíríkà ń gba orí òkun wá bá wa, ó sì pọ̀ gan-an nínú hóró tíntìntín tí atẹ́gùn òkun ń gbé wọlé. Atẹ́gùn tí à ń rò pé ó mọ́ nítorí pé òkun ló ti ń bọ̀! Bí ọyẹ́ bá dé, òdìkejì ni: eruku Sàhárà tó kún fún sílíkà, àlùmíníọ̀mù àti irin ló máa ń kọjá lórí wa lọ sókè òkun. Ní 1832, Charles Darwin, onímọ̀ ìjìnlẹ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, bá irú eruku bẹ́ẹ̀ lórí ọkọ̀ rẹ̀ nítòsí erékùṣù Cape Verde.

Bí ẹ bá dúró lórí òkè Mápó, tí ẹ rí àwọn òrùlé tó ti pọ́n rẹ́súrẹ́sú, iyọ̀ kọ́ ló ṣe é. Òjò ọdún gbọọrọ ló ti fọ síńkì orí wọn lọ.

Nítorí náà, ẹ ra onísíńkì yín ní Apẹ́tẹ́, kí ẹ ṣáà yan èyí tí síńkì rẹ̀ nípọn. Ẹ má jẹ́ kí sìmẹ́ǹtì tútù kán sí i lórí, ó ń jẹ ẹ́. Àbúrò yín ni kó lo àlùmíníọ̀mù tí wọ́n kùn lọ́dà, kó kìlọ̀ fún káfíńtà kó má fi ìṣó irin lásán kàn án, kó sì máa fi omi tí kò níyọ̀ fọ abẹ́ etí òrùlé tí òjò kì í dé. Ní ti omi òjò, iyọ̀ ibẹ̀ kò tó nǹkan. Eruku, èéfín àti ìgbẹ́ ẹyẹ ni kí ẹ bẹ̀rù. Ẹ jẹ́ kí òjò àkọ́rọ̀ fọ òrùlé dáadáa kí ẹ tó gbé dírọ́ọ̀mù sábẹ́ rẹ̀, ẹ sì se omi náà kí ẹ tó mu ún.