Ojú-ìwé kò fi ímeèlì hàn, síbẹ̀ ó ń jò síta

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. À ń kọ áàpù orí íntánẹ́ẹ̀tì kan tí àwọn èèyàn ti ń kọ kọ́mẹ́ǹtì sábẹ́ iṣẹ́ ara wọn. Aṣàmúlò kan fi hàn wá pé òun rí ímeèlì àwọn tó kọ̀wé, bẹ́ẹ̀ a ò gbé ímeèlì kankan sójú-ìwé. Òmíràn pa àkáǹtì rẹ̀ rẹ́, orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára ohun tó kọ. A sì tún fẹ́ kí èèyàn lè fèsì sábẹ́ èsì. Ibo ni ká ti bẹ̀rẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ fi ti èsì sílẹ̀ ná, ẹ kọ́kọ́ dí ibi tó ń jò. Sáfà yín, kọ̀ǹpútà tó ń fi détà ránṣẹ́ sí búráúsà, ló ń fi ímeèlì ránṣẹ́. Ojú-ìwé kàn ń gbé e pamọ́ ni. Ẹ tẹ F12 nínú búráúsà, ẹ bọ́ sí Network, ẹ tún ojú-ìwé náà ṣí, kí ẹ wo ohun tó bá kọ́mẹ́ǹtì wọlé. Irú èyí lẹ ó rí:

`{"id":4417,"body":"Ó dára gan-an","user":{"id":88,"name":"Ayọ̀","email":"…","last_ip":"…"}}`

Kóòdù yín kó gbogbo ohun tó wà nínú tábìlì aṣàmúlò, ó sì dà á síta bó ṣe bá a. Àtúnṣe rẹ̀ ni kí ẹ dárúkọ ohun tó lè jáde lọ́kọ̀ọ̀kan: id, orúkọ tí aṣàmúlò yàn, àwòrán rẹ̀. Mẹ́ta yẹn tó. Ẹ má wulẹ̀ máa to orúkọ ohun tí kò gbọdọ̀ jáde, torí lọ́jọ́ tí ẹnì kan bá fi nọ́ńbà fóònù kún tábìlì yẹn, òun náà á bá wọn jáde, ẹnikẹ́ni ò sì ní fura.

Àwọn kan á ní kí ẹ sọ ímeèlì àti àdírẹ́sì IP (nọ́ńbà tí a fi ń mọ ẹ̀rọ lórí íntánẹ́ẹ̀tì) di hash, ìyẹn àmì tí ìṣirò ń fi rọ́pò ọ̀rọ̀, ó parí. Kò parí rárá. Gbogbo àdírẹ́sì IPv4 tó wà kò ju bí bílíọ̀nù 4.3 lọ, kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo lè ṣe hash gbogbo wọn, kó sì fi wé tiyín títí yóò fi bá a. Ẹni tó bá ní àkójọ ímeèlì lọ́wọ́ lè ṣe bẹ́ẹ̀ sí ímeèlì náà. Bí ẹ bá nílò IP láti fi dá spam dúró, HMAC, ìyẹn hash tó ní kọ́kọ́rọ́ àṣírí, ni kí ẹ lò, kí kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ má sí nínú dátábéèsì, kí ẹ máa pààrọ̀ rẹ̀ lójoojúmọ́, kí ẹ sì máa da ti àná nù. Ẹ rántí log sáfà pẹ̀lú, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo ìbéèrè tó wọlé: IP wà níbẹ̀ gbangba, ibẹ̀ sì lọ̀pọ̀ èèyàn máa ń gbàgbé. Ọgbọ̀n ọjọ́ ti tó o, kí ó pa ara rẹ̀ rẹ́.

Bí ẹ bá ń gba àwòrán nínú kọ́mẹ́ǹtì, fóònù lè ti kọ ibi tí wọ́n ti yà á sínú EXIF, ìyẹn àlàyé tó fara pamọ́ sínú fáìlì àwòrán. Ẹ yọ EXIF kúrò lórí sáfà, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ yí àwòrán náà sí bó ṣe yẹ kó dúró. EXIF kan náà ló ń sọ ìdúró rẹ̀. Bí ẹ bá yọ ọ́ láìyí i, àwòrán á máa dùbúlẹ̀.

Ní ti àkáǹtì tí wọ́n pa rẹ́, ẹ ṣọ́ra fún `ON DELETE CASCADE`, àṣẹ dátábéèsì tó ń pa gbogbo ohun tó so mọ́ ìlà kan rẹ́: ó lè kó èsì àwọn ẹlòmíràn lọ pẹ̀lú. Bí kọ́mẹ́ǹtì bá ní èsì lábẹ́, ẹ sọ `user_id` di NULL (òfìfo), ẹ nu ọ̀rọ̀ inú rẹ̀, kí "A ti yọ ọ̀rọ̀ yìí kúrò" rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá ní, ẹ pa ìlà náà rẹ́ pátápátá. `deleted_at`, tó kàn ń sàmì sí ìlà pé a ti pa á rẹ́, nìkan kò tó, torí ọ̀rọ̀ náà ṣì wà nínú dátábéèsì, nínú àtòjọ ìṣàwárí àti nínú cache (ẹ̀dà tí a fi pamọ́ kí ojú-ìwé lè tètè ṣí). Backup, ẹ̀dà dátábéèsì tí ẹ tọ́jú, ńkọ́? Ẹ tọ́jú id àwọn tó ti lọ, kí ẹ tún pa wọ́n rẹ́ nígbàkúùgbà tí ẹ bá dá backup padà. Bí áàpù yín bá ń sin àwọn ará Yúróòpù, abala 17 òfin GDPR, òfin ààbò détà ti Yúróòpù tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2018, fún wọn lẹ́tọ̀ọ́ láti béèrè pé kí ẹ pa détà wọn rẹ́, oṣù kan lẹ sì ní láti fèsì.

Èsì lábẹ́ èsì wàyí: òpó `parent_id` kan, tó ń sọ kọ́mẹ́ǹtì tí èsì kan ń dá lóhùn, ti tó. Ẹ má jẹ́ kó wọnú ju ìpele mẹ́ta lọ lójú fóònù, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ á fún bí okùn. Èyí tó bá wọnú jù bẹ́ẹ̀, ẹ tò ó sí ìpele kẹta, kí orúkọ ẹni tí wọ́n ń dá lóhùn wà níwájú rẹ̀. Ẹ má fi OFFSET, àṣẹ tó ń fo iye ìlà kan, pín ojú-ìwé: bí kọ́mẹ́ǹtì tuntun bá wọlé lókè, èyí tí èèyàn ti kà á tún yọjú. Àkókò àti id èyí tó kà kẹ́yìn ni kí ẹ fi béèrè ìyókù. Nẹ́tíwọ́kì tó lọ́ra sì máa ń jẹ́ kí èèyàn tẹ "Fi ránṣẹ́" lẹ́ẹ̀mejì; ẹ fún àpótí ìkọ̀wé ní UUID (nọ́ńbà ìdánimọ̀ tí kò ní jọ òmíràn) nígbà tó bá ṣí, kí dátábéèsì má gba UUID kan náà lẹ́ẹ̀kejì.

Kí ẹ tó gbé e jáde, ẹ fi àkáǹtì kejì wọlé, kí ẹ fi ìbéèrè àtúnṣe ránṣẹ́ fún kọ́mẹ́ǹtì àkáǹtì àkọ́kọ́, id rẹ̀ gan-an. 403 (a ò gbà) tàbí 404 (kò sí) ló yẹ kí sáfà dá padà. Bó bá jẹ́ 200 (ó yọrí), bọ́tìnì nìkan lẹ gbé pamọ́, ẹnikẹ́ni ṣì lè tún ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn kọ.