"Èló Lẹ Máa San?"

*Bàbá Olùkọ́ dáhùn ìbéèrè yín*

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá Olùkọ́. Aránṣọ ni mí, Òkè-Àró ní Àkúrẹ́ níbí ni ṣọ́ọ̀bù mi wà. Nígbà tí ọmọ wa ọkùnrin pé ọdún mẹ́wàá, bàbá rẹ̀ ní òun fẹ́ kó tètè mọ iyì iṣẹ́, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í sanwó fún un: ₦50 tó bá fọ abọ́, ₦100 tó bá gbálé, ₦200 tó bá fọ mọ́tò. Ó kọ́kọ́ dùn mọ́ wa. Ilé ń mọ́, ọmọ ń fowó sínú kóló. Àfi bí ìyá ọkọ mi ṣe wá kí wa láti Oǹdó. Màmá ní kó bu omi wá fún òun, ọmọ yìí wo ojú wọn, ó ní, "Mọ́mì àgbà, èló lẹ máa san?" Ìtìjú mú mi, mo sá wọ kíṣìnnì. Ọkọ mi rẹ́rìn-ín, ó ní ọmọ náà gbọ́n. Bàbá, ṣé ọgbọ́n rèé? — *Ìyá Ọlọ́mọ Mẹ́ta, Àkúrẹ́*

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ má bínú, èmi náà rẹ́rìn-ín. Ọmọ yín ò ya aláìlẹ́kọ̀ọ́. Ohun tí wọ́n kọ́ ọ ló ń kà jáde, ó sì kà á dáadáa. Ẹ má tìtorí rẹ̀ bá bàbá rẹ̀ fa wàhálà. Èrò rere ló ní, oríṣi owó iṣẹ́ kan ló kàn fi han ọmọ, kò fi ìyókù hàn án.

Ìyókù pọ̀. Lóko kòkó bàbá mi, lọ́nà Ìdànrè, a máa ń rí wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Alágbàṣe á dé, wọ́n á ná an, á ṣiṣẹ́, á gbowó, ó parí. Tó bá jẹ́ àáró, bàbá mi á lọ bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ ṣánko lónìí, ọ̀rẹ́ náà á wá ṣán tiwa lọ́túnla. Kọ́bọ̀ ò ní jáde, àmọ́ ẹni tó bá jẹ àáró tí kò san án, òun nìkan ni yóò ro oko rẹ̀ lọ́dún tó ń bọ̀. Tó bá jẹ́ ọ̀wẹ̀, bóyá ẹnì kan fẹ́ kọ́lé tàbí ó fẹ́ ṣiṣẹ́ fún àna rẹ̀, iyán àti ẹmu ni owó iṣẹ́. (Mo mọ àwọn tó jẹ́ pé iyán yẹn nìkan ló ń gbé wọn wá, ká má purọ́.) Àwọn àgbà sì máa ń sọ ti ìwọ̀fà fún wa, ẹni tó ń fi iṣẹ́ san èlé orí owó tí wọ́n yá, tó jẹ́ pé bó ti wù kó ṣe é tó, kọ́bọ̀ kan ò ní kúrò lára gbèsè náà. Ọmọ tó bá gbọ́ ìyẹn á mọ̀ pé iṣẹ́ wà tí kì í ṣe ohun àmúyangàn rárá.

Àwa ọmọ ńkọ́? Bí wọ́n bá fọ́ kòkó tán, wọ́n á kó o sórí ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀, wọ́n á da ewé bò ó fún bí ọjọ́ márùn-ún sí mẹ́fà. Àwa la máa ń yí i padà. Ooru á máa rú sí wa lójú, òórùn rẹ̀ á kan bí ẹmu àná, ọwọ́ wa á máa yọ̀ títí dé ìgbọ̀nwọ́. Lẹ́yìn ìyẹn ni sísá sóòrùn. Ìyá mi á bu ẹ̀kúnwọ́ kan, wọ́n á fún un pọ̀ létí mi. Èyí tó gbẹ á dáhùn, èyí tí kò gbẹ á dákẹ́. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ sọ pé kòkó ti gbẹ, tí bàbá mi sì ní kí wọ́n máa kó o sápò láìfọwọ́ kàn án, mi ò rò pé owó kankan wà tó lè dùn mọ́ mi tó bẹ́ẹ̀. Wọ́n ra bàtà fún mi nígbà tí wọ́n tà á. Inú mi dùn sí bàtà náà o.

Owó tó ń pẹ́ kó tó dé náà wà. Ní 2024 tí tọ́ọ̀nù kòkó kan kọjá $10,000 lọ́jà àgbáyé, mo rí àwọn tó ti kẹ̀yìn sóko tipẹ́ tí wọ́n ń béèrè ibi tí ààlà ilẹ̀ bàbá wọn wà. Igi tí ẹ bá sì gbìn lónìí, ó di bí ọdún mẹ́ta sí márùn-ún kó tó so.

Ẹ̀yin ò nílò oko. Ẹ mú un lọ sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ Sátidé. Kó jókòó ti ọmọ iṣẹ́ yín tó ń gán etí aṣọ, kí ẹ wá bi í pé èló ló rò pé ẹ ń san fún ẹ̀gbọ́n yìí. Ẹ jẹ́ kó gbọ́ ọ lẹ́nu ọmọ iṣẹ́ fúnra rẹ̀ pé àwọn òbí òun ló sanwó kí wọ́n tó gba òun, àti ìdí tí òun fi ń jí wá síbẹ̀ láràárọ̀ títí ọjọ́ fúrídọ́ọ̀mù. Bí oníbàárà bá sanwó, ẹ yọ owó òwú, owó epo jẹnẹrétọ̀ àti owó ṣọ́ọ̀bù lójú rẹ̀, kó ka èyí tó kù. Ọ̀pọ̀ ọmọ ò rí i rí.

Nílé, ẹ má sanwó mọ́ fún abọ́ tó jẹun nínú rẹ̀ àti ilẹ̀ tó ń rìn lé. Àmọ́ ẹ má já a gbà lójijì. Kí ẹ̀yin àti bàbá rẹ̀ pè é, kí ẹ sọ pé àdéhùn yí padà láti oṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì san gbogbo èyí tó ti ṣe. Iṣẹ́ tí ẹ ì bá bẹ ará ìta sí, bíi mọ́tò fífọ̀ àti koríko ẹ̀yìnkùlé, ẹ máa san ìyẹn. Kó ná an fúnra rẹ̀. Bí kò bá mọ́, kó tún un ṣe kó tó gbowó.

Ní ti Màmá, ẹ gbé e lọ sí Oǹdó tí ìsinmi bá dé, kí bàbá rẹ̀ má tẹ̀ lé e. Kó pọn omi, kó ká aṣọ. Màmá á fẹnu wọn kì í láti orí bàbá ńlá rẹ̀ bọ̀ wálẹ̀, wọ́n á fi ẹran tó tóbi jù sórí oúnjẹ rẹ̀. Mi ò tíì rí ọmọ tí wọ́n kì tí kò tún padà lọ pọn ẹ̀ẹ̀kejì.

Ìbéèrè: Bàbá Olùkọ́, ọmọ mi obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ń dirun fún àwọn aládùúgbò nígbà ìsinmi, owó sì ti wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣé mo lè gbà á fi kún owó ilé ìwé rẹ̀? — *Bàbá Ọlọ́mọge, Oǹdó*

Ìdáhùn: Ẹ fi í sílẹ̀ fún un. Bí nǹkan bá le gan-an, ẹ yá a lójú ìyá rẹ̀, kí ẹ dá ọjọ́, kí ẹ sì san án lọ́jọ́ náà. Èyí tí mo bá fẹ́ ni pé kí ẹ fi í mọ alájọ tí ẹ fọkàn tán, kó máa dá ìwọ̀nba lójoojúmọ́. Bí oṣù bá parí, alájọ á mú owó ọjọ́ kan, á kó ìyókù fún un. Ó máa bi yín pé kí ló dé tí wọ́n fi mú owó ọjọ́ kan òun. Ẹ má dá a lóhùn. Ẹ ní kó bi alájọ.