Tí wọ́n bá pe ọkọ yín láti Reserve, ẹ ti kọ lẹ́tà gbèsè kó tó wọ bàálù

Ìyá Ìbejì, ẹ kú àfaradà. Mo ka ohun tẹ́ ẹ kọ: pé Army Reserve (àwọn sójà Amẹ́ríkà tó ń ṣe iṣẹ́ tiwọn nílé títí wọ́n á fi pè wọ́n) ti pe Bàbá Ìbejì, pé Kuwait ni wọ́n ń gbé wọn lọ fún nǹkan bí ọdún kan, owó iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé sì ju owó sójà lọ, bẹ́ẹ̀ gbèsè ilé, ti mọ́tò àti ti káàdì ò mọ̀ pé wọ́n rin ìrìn àjò. Wọ́n ti pe ọkọ tèmi náà rí, Kuwait kan náà, a sì ní ọmọ ọwọ́ nílé. Ohun tí ojú mi rí ni mo fẹ́ sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ látorí gbèsè, ibẹ̀ ni owó pọ̀ sí. Òfin kan wà tí wọ́n ń pè ní SCRA. 2003 ni wọ́n fọwọ́ sí i, òun ló rọ́pò èyí tó ti wà láti 1940. Gbèsè yòówù tí sójà bá ti jẹ kí wọ́n tó pè é, èlé orí rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju 6% lọ́dún títí iṣẹ́ náà á fi parí. Ti ilé tún ní ọdún kan sí i lẹ́yìn tó bá dé. Ẹ gbọ́ èyí dáadáa o: èlé tó bá lé lórí 6% yẹn, pípa ni wọ́n máa pa á rẹ́, wọn ò ní sún un síwájú. Owó tẹ́ ẹ ń san lóṣooṣù gbọ́dọ̀ wálẹ̀ ni.

Àmọ́ òfin yìí kì í kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin lẹ máa kọ̀wé, tẹ́ ẹ máa so ẹ̀dà orders, ìyẹn ìwé tí wọ́n fi pè wọ́n, mọ́ ọn, tẹ́ ẹ máa fi ránṣẹ́ sí ẹnì kọ̀ọ̀kan tẹ́ ẹ jẹ ní gbèsè. Lóòótọ́, ẹ ní 180 ọjọ́ lẹ́yìn tí iṣẹ́ bá parí láti fi kọ ọ́, wọ́n á sì kà á padà sí ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ta ló fẹ́ máa san èlé gọbọi lórí káàdì fún ọdún kan gbáko, kó tó wá máa sá tẹ̀ lé owó ara ẹ̀?

Ilé iṣẹ́ tó yá wa lówó mọ́tò ló là mí lójú. Mo pè wọ́n, ọmọbìnrin tó gbé fóònù sọ̀rọ̀ tútù, ó ní ká kí ọkọ mi kú iṣẹ́ ìlú, ó ní àwọn á ràn wá lọ́wọ́, ká má san kọ́bọ̀ fún oṣù mẹ́ta. Ẹni tí owó ń ni lára á ti máa dúpẹ́. Mo ní èlé oṣù mẹ́ta yẹn ńkọ́? Ó ní á máa gorí gbèsè lọ, ẹ̀yìn ni a ó san án. Mo ní rárá, 6% ni mo ń bèèrè. Ohùn yí padà. Ó ní ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ pè. Aago mẹ́sàn-án àárọ̀ lọ́dọ̀ wa ní Maryland nígbà ooru, aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni ní Kuwait, sójà ò sì kúkú lè fi iṣẹ́ sílẹ̀ kó wá dúró gbọ́ orin tí wọ́n ń fi síni létí lórí fóònù.

Ohun tó gbà mí ni power of attorney (ìwé àṣẹ pé mo lè ṣojú ọkọ mi) tí ọkọ mi ti ṣe lọ́dọ̀ lọ́yà àwọn sójà kó tó lọ. Ọ̀fẹ́ ni, ẹ má jẹ́ kí lọ́yà ìta gba dọ́là kan lọ́wọ́ yín lórí ẹ̀. Mo gbé lẹ́tà lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́ lọ́nà tí ẹni tó bá gbà á gbọ́dọ̀ fi buwọ́ lùwé. Káàdì kékeré aláwọ̀ ewé tí wọ́n buwọ́ lù padà dé bá mi, mo fi sítépù kàn án mọ́ ẹ̀dà lẹ́tà mi. Nígbà tí wọ́n tún ní àwọn ò rí lẹ́tà kankan, mo ka orúkọ ẹni tó gbà á sí wọn létí, pẹ̀lú déètì. Owó tí wọ́n ti gbà lé wa lórí, wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú gbèsè. Tí ẹnikẹ́ni bá sì ní kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fi hàn pé ìyà ń jẹ yín, ẹ sọ fún un pé òun tó bá rò pé a lè san án ló máa lọ bá kóòtù, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ibi tí òfin náà ò dé, ẹ mọ̀ ọ́n. Ohun tẹ́ ẹ bá fi káàdì rà lẹ́yìn tí iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ kò sí lábẹ́ 6%. Gbèsè tó jẹ́ orúkọ tiyín nìkan kò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n èyí tẹ́ ẹ jọ buwọ́ lù wà níbẹ̀. Tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ wá tún ìwé gbèsè ilé ṣe lásìkò yìí, ẹ bi lọ́yà kẹ́ ẹ tó fọwọ́ sí i, kó má lọ di gbèsè tuntun. (Àjọ tẹ́ ẹ ń dá pẹ̀lú àwọn ìyá ìjọ ò sí nínú SCRA o. Ẹ tètè bá olórí àjọ sọ̀rọ̀.) Ní ti mọ́tò tẹ́ ẹ ti san nǹkan lórí ẹ̀ kí wọ́n tó pe Bàbá Ìbejì, wọn ò lè wọ́ ọ lọ láìsí àṣẹ kóòtù. Ilé náà bẹ́ẹ̀.

Ó ku owó oṣù fúnra rẹ̀. Ẹ máa wo LES wọn, ìyẹn ìwé owó oṣù sójà, lóṣooṣù, ìlà lẹ́yìn ìlà, torí owó ìpínyà ìdílé tí wọ́n ń pè ní FSA kì í dá wá. Fọ́ọ̀mù DD 1561 ni wọ́n máa kọ. Lẹ́yìn 30 ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ti wà lọ́tọ̀ ni ẹ̀tọ́ rẹ̀ ń dé, nígbà tiwa 250 dọ́là ni lóṣù. Kuwait wà lára ibi tí ìjọba kà sí agbègbè ogun láti 1991, nítorí náà, tí Bàbá Ìbejì kì í bá ṣe ọ́físà, ìjọba àpapọ̀ ò ní gba owó orí lórí owó oṣù sójà wọn, kódà tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo ni wọ́n lò níbẹ̀ lóṣù yẹn. Owó yẹn máa dí díẹ̀ nínú àlàfo tẹ́ ẹ sọ. Nígbà tẹ́ ẹ bá ń ṣe owó orí, ẹ jẹ́ kí wọ́n ṣírò EITC (owó tí ìjọba ń dá padà fún òṣìṣẹ́ tí owó rẹ̀ kò pọ̀) lọ́nà méjì, kí wọ́n ka owó ogun, ìyẹn owó oṣù tí wọn ò gba owó orí lórí ẹ̀, mọ́ ọn, kí wọ́n má kà á, kẹ́ ẹ mú èyí tó pọ̀ jù. MilTax, ètò tó ń bá àwọn sójà ṣe owó orí, ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́.

Ẹ lọ wo DEERS, ìwé orúkọ àwọn sójà àti ìdílé wọn, lọ́sẹ̀ yìí. Tí orúkọ yín àti ti àwọn ìbejì ò bá sí níbẹ̀, kò sí TRICARE, ìyẹn ìṣètò ìlera ìdílé sójà, bí orders ti wù kó gùn tó. Sátífíkéètì ìgbéyàwó ni wọ́n ń bèèrè. Mo mọ ẹnì kan tó gbé álíbọ́ọ̀mù ìdáná lọ bá wọn, gèlè ga, àga ìjókòó ọba wà níbẹ̀, wọ́n ní ó dára, ìwé dà?

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé wa gbóná kú nínú òtútù, ọmọ ń wúkọ́. Army Emergency Relief, àjọ tó ń ran ìdílé sójà lọ́wọ́, tó ti wà láti 1942, yá wa lówó láìsí èlé, díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n sì yọ ọ́ nínú owó oṣù. Power of attorney yẹn náà ni mo fi gbà á. Ẹ lọ síbẹ̀ kẹ́ ẹ tó ronú kan àwọn tó ń yáni lówó lẹ́bàá ọ̀nà.

Ní ti àwọn ará ilé, ẹ jọ fi ẹnu kò sí iye tí ẹ ó máa fi ránṣẹ́ sí Nàìjíríà kí wọ́n tó lọ, kí ọkọ yín fúnra wọn sọ ọ́ fún ìyá wọn. Tí wọ́n bá gbọ́ "owó ogun, kò sí owó orí", wọ́n á rò pé àpò dọ́là ni wọ́n lọ gbé, ẹ̀yin ni wọ́n á sì máa pè.

Kí wọ́n fi tó ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ létí pẹ̀lú ìwé. Lábẹ́ USERRA, òfin tó dáàbò bo iṣẹ́ tí sójà fi sílẹ̀ nílé, tí iṣẹ́ sójà bá ju 180 ọjọ́ lọ, wọ́n ní 90 ọjọ́ lẹ́yìn tó bá parí láti sọ pé àwọn ń padà bọ̀ sẹ́nu iṣẹ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo orders náà, ẹ sọ nọ́ńbà section tó wà lábẹ́ Title 10 (ìwé òfin ìjọba àpapọ̀ lórí iṣẹ́ sójà) fún mi àti déètì tó bẹ̀rẹ̀. Tó bá jẹ́ ti contingency, ìyẹn ìpè nítorí ogun tàbí pàjáwìrì, TRICARE yín lè ti bẹ̀rẹ̀ kí wọ́n tó lọ rárá, tó bá ti ku 180 ọjọ́ tàbí kó dín sí i kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.